Ẹ sanwó fún oníròyìn kí wọ́n tó mú un

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì n'Íbàdàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn wa tí wọ́n mú ṣì dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn aláṣẹ á ní àwọn ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò kan, owó ti jáde; a débẹ̀, ilẹ̀ gbalasa la bá. A fi òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ béèrè ìwé ìnáwó, wọn ò dá wa lóhùn. A gbé ìròyìn jáde. Wọ́n bá mú akọ̀ròyìn wa, wọ́n ní ó ṣẹ̀ sí abala 24 nínú òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta ló wà ńbẹ̀, tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦7,000,000, tàbí méjèèjì.

Ìyá ọmọ náà ti Mọ́níyà dé sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé àmàlà sínú kúlà. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó yíjú sí mi: "Ọ̀gá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi jalè ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá, ìròyìn ló kọ." Ó ní, "Ìròyìn kẹ̀?" Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Ẹni tó ń fún wa ní ìpolówó ọjà jù lọ ni. Ó ní wọ́n ti pe òun, kí n yọ ìpolówó òun kúrò kílẹ̀ tó ṣú. Lọ́yà ń retí owó. Lórí WhatsApp, àdúrà ń wọlé, wọ́n ń pín fọ́tò ọmọ náà kiri. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Owó àwọn òǹkàwé tó ń fi ₦1,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù nìkan ló kù ní báńkì. Aláṣọ kan ní Gbági wà lára wọn. Owó wọn yìí la fi gba lọ́yà. Lọ́yà ní níbi tí kóòtù bá wà nítòsí, wọn ò gbọ́dọ̀ ti èèyàn mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ láìgbé e dé iwájú adájọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, kí wàhálà tó dé. Alágbára lè fi ìpè kan ṣoṣo dẹ́rù ba olówó ńlá. Kò lè pe gbogbo aláṣọ Gbági.

Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ológun fi Òfin Kẹrin, òfin tí wọ́n fi de àwọn oníròyìn, sọ akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n, wọ́n tún bu owó ìtanràn ₦50,000 lé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Kí ni ká wá sọ nípa àwa tá a wà nínú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá?

Ẹni tó bá ní mò ń tọrọ owó, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ la ṣe, ẹ sì kà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín ìròyìn wa, líǹkì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ kiri. Àmọ́ owó oṣooṣù yẹn ni mo dúró lé. Ẹ ní kí báńkì máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀ tí owó oṣù bá ti wọlé. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mú un lára owó àjọ.