Nílé, Ìrànwọ́ Parí Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì; Ní Amẹ́ríkà, Ibẹ̀ Ló Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìṣòro méjì ló ń dojú kọ ọmọ tálákà ní yunifásítì: bí yóò ṣe wọlé àti bí yóò ṣe jáde. Àkọ́kọ́ ni Nàìjíríà gbájú mọ́. Èkejì ni Student Support Services (SSS) gbájú mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ètò ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní TRIO, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí láti 1968. Ọ̀pọ̀ ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà kì í béèrè èkejì yìí rárá, ó sì ń dùn wá.

Nílé, báyìí ni ìlànà yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ṣe pín àyè: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti máàkì, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ agbègbè ilé-ẹ̀kọ́ náà tí à ń pè ní catchment, 20 jẹ́ ti ELDS, àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ilé tí ọmọ ti jáde. Kwara wà nínú ELDS, Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀. Ọmọ olówó ní Ìlọrin lè jẹ àǹfààní yìí, ọmọ àgbẹ̀ ní Ṣakí tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní olùkọ́ físíìsì kò sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Àìtọ́ gbáà ni.

Bí ọmọ bá ti wọlé tán, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kù sí. Level adviser, olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ ọdún kan sọ́nà, wà lóòótọ́, àmọ́ èrò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, kò sì sábà ráyè ṣe ju kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì lọ. Àwọn ọmọ fellowship àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń ṣe tutorial ìṣirò àti kẹ́mísírì fún àwọn 100 level lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ńkọ́? Ó di ọjọ́ tí carryover, kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, bá jáde kó tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti bàjẹ́.

Ẹ̀yáwó NELFUND, ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tó dé ní 2024 ti tún nǹkan ṣe díẹ̀. Kò ní èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ohun tó sábà ń dí i lọ́wọ́ ni orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu nínú NIN, BVN àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tún un ṣe kí portal tó ṣí.

Ní Amẹ́ríkà, oríṣi ọmọ mẹ́ta ni ètò SSS ti TRIO yìí wà fún: èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní dìgírì àkọ́kọ́, èyí tí owó ilé wọn kéré, àti èyí tó ní ìpèníjà ara. Ẹ̀yà kò sí nínú ohun tí òfin fi ń yan ọmọ. Ọmọ onílùú àti oní green card lè wọ̀ ọ́; ẹni tó wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí àwọn ará wa ti ń ṣìnà rèé. Bàbá tó gba B.Sc. ní Ifẹ̀, tó wá ń wa takisí ní Houston, ti ní dìgírì. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe first-generation, ìyẹn ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní dìgírì. NCE àti OND ní tiwọn kì í ṣe dìgírì. Bó bá sì jẹ́ ìyá nìkan ni ọmọ ń gbé lọ́dọ̀, tí ìyá yìí nìkan ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ìwé ìyá nìkan ni òfin ń wò. Ní ti owó, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ń kà. Taxable income, owó tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí, ni; ìlà 15 ni lórí Form 1040, fọ́ọ̀mù owó orí, ti ọdún tó kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba fà lọ. Òbí tó bá wo owó iṣẹ́ rẹ̀ lásán lè rò pé òun ti kọjá ààlà, kó má sì tíì kọjá rárá. Ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè jẹ́ ti àwọn tí owó ilé wọn kéré tí òbí wọn kò sì ní dìgírì, àti àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ìdá kan tó kù ni ọmọ onítakisí wa lè wá àyè sí.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ? Tutor, yíyan kọ́ọ̀sì, kíkún FAFSA tí í ṣe fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ìjọba, àti bí a ṣe ń ti community college, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, bọ́ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Pàtàkì jù níbẹ̀ ni adviser tó mọ orúkọ ọmọ. Ọmọ tí kẹ́mísírì ń dà láàmú lè fẹ́ fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Kò mọ̀ pé bí kírẹ́dítì òun bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 12, Pell Grant òun, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé wọn kéré, lè dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè GPA 2.0, kí ọmọ sì parí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́dítì tó mú, kí owó ìjọba má baà dúró. Pell lè tó 7,395 dọ́là lọ́dún, a kì í sì í san án padà. Adviser TRIO á sọ èyí fún un kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ní i. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń díje fún owó rẹ̀, iye ọmọ tí wọ́n lè gbà sì níwọ̀n. Nítorí náà, bí admission bá ti jáde, kí ọmọ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà àti TRIO SSS sórí Google. Kó fi 1040 tí òbí ti buwọ́ lù àti ẹ̀dà green card ránṣẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyè bá ti kún, kó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sórí waitlist.