Kajú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ bá a níbẹ̀ ni o

Gbogbo wa la mọ kajú inú ìgò tí wọ́n ń gbé káàkiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ékòó, kóró yíyan tó wọ́n bí imí eégún yẹn. Èso tó so mọ́ kóró náà ńkọ́? Ẹlòmíì ti dàgbà di bàbá ọmọ l'Ékòó kò tíì fi kan ẹnu rí, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́ sha, kajú ò ṣeé rù lọ sọ́nà jíjìn, ẹ já a láàárọ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì omi ti ń jáde lára ẹ̀, ó ti ń kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí dírẹ́bà já mi sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí à ń ti Ìbàdàn lọ Ìlọrin lóṣù kẹta, owó Ìlọrin tí mo ti san, mo fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́, tírélà níwájú tírélà lẹ́yìn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ìlú ọmọ Ajílété lásìkò kajú, ẹ ó ti máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pupa àti yẹ́lò, nínú báàfù.

"Ẹ kú ọjà mà, ajé á wọ igbá o." Màmá tó ń tà á wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé aṣọ yìí lo fẹ́ fi jẹ kajú? Tómi ẹ̀ bá ta sí i, ọṣẹ ò ràn án o." Wọ́n fún mi ní àkísà ańkárá kan kí n fi bo àyà. Wọ́n ní èyí tó jábọ́ fúnra ẹ̀ ló dùn ju èyí tí wọ́n fi gọ̀gọ̀ já, wọ́n ṣa irú ẹ̀ fún mi, wọ́n yí kóró ìdí ẹ̀ kúrò, wọ́n jù ú sínú korobá, torí kóró yẹn lowó wà. Mo gé e jẹ, omi dà sí mi lágbọ̀n, dídùn ló kọ́kọ́ dé, kó tó wá há mi lọ́fun. Màmá ní kí n fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára, hẹn-ẹ́n, mi ò mọ iye tí mo jẹ mọ́.

Lábẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, èso tí wọ́n ti yọ kóró ẹ̀ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, oyin ń kùn lórí ẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ó ń rùn bí ẹmu àná. Ó ká mi lára. Àwọn Potogí ló gbé igi yìí wá láti Brazil, àwọn ará Brazil ń fún omi èso ẹ̀ sínú ìgò tà títí dòní, àwa ń sá kóró nìkan sóòrùn, à ń dì í sápò, èyí tó pọ̀ jù ń wọkọ̀ ojú omi lọ Vietnam àti India láìtíì pa á.

Àwọn ọmọ kan ń yan tiwọn lórí páànù, òróró èèpo ẹ̀ ń ta, iná ń gbà, èéfín ń ta wá lójú (ẹ má fi eyín fọ́ tútù ẹ̀ láé, á bó yín lẹ́nu). Màmá tún kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ mu mílíìkì lé kajú lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbà á gbọ́, àmọ́ mi ò mu ún.

Wọ́n di kajú kún ọ̀rá kan fún mi. Ká tó dé Ẹyẹńkọrin létí Ìlọrin, omi ti kún ọ̀rá náà, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí nínú mọ́tò ń wò mí ní ìwòkuwò. Mo bá fi lọ̀ ọ́. Ó ní kí n bá òun mú pupa.