Kí Oògùn Tó Kúrò Lọ́wọ́ Olùtọ́jú

Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú, kì í pẹ́ kí a tó fún ènìyàn lóògùn tán, ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ tí àṣìṣe kékeré ti lè di jàǹbá ńlá tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára jù ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù, nítorí òun ni kì í wo ìwé mọ́. Ó gbà pé òun ti mọ oògùn Bàbá àti ti Màmá lórí, bẹ́ẹ̀ dókítà lè ti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lánàá.

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ oògùn dání, kí ẹ sì fi ohun tí ó wà níbẹ̀ wé ohun tí a kọ sára páálí: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara. Ẹ má ṣe bi ẹni tí ẹ fẹ́ fún lóògùn pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá báyìí-báyìí?" Ẹni tí etí rẹ̀ wúwo, tàbí tí iyè rẹ̀ ti ń ra, yóò kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún àkókò náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni àwọn tí ń lo methotrexate fún àrùn oríkèé ń lò ó, fífún ènìyàn lójoojúmọ́ sì ti pa ènìyàn rí.

Ibi tí ó ká mi lára jù ni lílọ oògùn. Bí ẹni tí à ń tọ́jú kò bá lè gbé hóró oògùn mì, ohun tí ọwọ́ ń yá sí ni kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a pò ó mọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn hóró kan wà tí a ṣe kí oògùn inú wọn máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ yóò ya wọ inú ara lẹ́ẹ̀kan náà. Irú morphine kan, oògùn ìrora tó lágbára, wà lára wọn. Ẹni tí ó bá lọ̀ ọ́ lè dá èémí ẹlòmíràn dúró láìmọ̀. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó fọ́ ohunkóhun. Ó lè ní oògùn náà ní olómi tí yóò rọ ẹni tí à ń tọ́jú lọ́rùn. Ẹ má sì fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ẹni tí orí rẹ̀ pé tí ó sì ní òun kò lò ó, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ dúró ti ẹni tí ẹ fún lóògùn títí yóò fi gbé e mì, nítorí hóró tí a fi sí ọwọ́ ènìyàn lè bára rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, pẹ̀lú ìdí tí ó sọ. Ẹ má fi àyè náà sílẹ̀ lófo, nítorí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò ní mọ̀ bóyá ó ti lò ó, ó sì lè fún un lẹ́ẹ̀kejì.