Òde Àríyá ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀gá tí ó ń kọ́ mi ní ìlù dùndún ní Agége kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní Sátidé, a máa ń tẹ̀ lé e lọ sí òde ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò máa lu omele, ìlù kékeré tí ń tẹ̀ lé ti ọ̀gá, a ó sì máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń fi ìyáàlù, ìlù ńlá tí ń sọ̀rọ̀, ki ẹni tí ó ń wọlé. Nínú owó tí wọ́n bá ná fún wa ni a ti ń ra awọ àti ọsán, okùn awọ tí a ń fún mọ́ra lára ìlù.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ ló bá a lọ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n èèyàn tí ó ju 20 lọ kò gbọdọ̀ péjọ. Ta ni yóò wá pe onílù mẹ́fà sí irú òde bẹ́ẹ̀? Awọ ìyáàlù ọ̀gá bẹ́ ní àsìkò yẹn. Ọ̀yọ́ ni ó ti máa ń ra awọ, wọ́n sì ti fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje, ni ìlù náà bá wà lára ògiri láìfọhùn. Méjì nínú àwọn ọmọ tí ń lu omele lọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀kan ṣoṣo ló padà.

Orí WhatsApp ni mo ti ń kọ́ ìyókù. A kò lè jọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó dé, nítorí náà ọ̀gá ń gba ohùn ìlù sílẹ̀ lórí ìlù kékeré kan, èmi náà á lù ú padà ránṣẹ́ sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó wúlò: mo lè gbọ́ òwe kan ní ìgbà ogún, títí n ó fi mọ ibi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti fún ọsán tí ohùn fi gòkè. Lórí fóònù, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ìlù.

Ní oṣù Kejìlá, a lọ sí òde àkọ́kọ́. Ìyá ìyàwó yí ẹ̀yìn padà sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, mo sì rí i pé gbogbo òwe tí mo há sórí kò sọ fún mi bí a ṣe ń fi ìlù tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó. Ọ̀gá súnmọ́ mi, ó rọra lu ìlà kan, ó dúró dè mí, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀.