Ẹni tó ń pọnmi ló ni kànga: ohun tójú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ jọ́gíráfì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka jọ́gíráfì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú un ní JAMB, àtẹ̀yin táwọn ará ilé yín ń bi pé "kí lo fẹ́ fi ṣe," ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tutù lára mi, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí apá mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí níbi tí wọ́n ti fà á, torí náà tí mo bá sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí wọ́n fi ń bú wa kúrò ńlẹ̀ ná. Tí mo bá ti sọ pé jọ́gíráfì ni mò ń kà, ẹni tó gbọ́ á ní "ó dáa, kí ni olú ìlú Burkina Faso?" Wagadúgù ni, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún mi ní máàkì lórí ìyẹn. Ohun tá à ń bèèrè ni pé kí ló dé tí nǹkan fi wà níbi tó wà, kí ló sì ń ṣe fáwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí. Rélùwéè táwọn òyìnbó gbé láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Òṣogbo ló yà sí, ó dé ibẹ̀ lọ́dún 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin, kò ya Ọ̀yọ́, kò ya ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kọ́ńpìnì tó ń rajà lọ pàgọ́ sí Òṣogbo, àwọn bàbá tiwa gbé ẹrù wọn, ó di Jọ́ọ̀sì, ó di Gáná. Mi ò ní rélùwéè nìkan ló fà á o, ẹ má lọ máa sọ pé mo wí. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí ìjọba Gáná lé wálé lọ́dún 1969, òwò tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé ojú irin gbà, ẹni tó kúrò nílé, ẹni tó padà, gbogbo ẹ̀ ni jọ́gíráfì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje tó kú lọ́dún 2022, lórí bí àwọn ìlú Yorùbá ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun ló sì padà di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Ẹ lọ bi ìyẹn pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Apá ti èèyàn nìyẹn. Apá kejì ni ti òkè, odò, òjò, erùpẹ̀, afẹ́fẹ́. Próójẹ́ẹ̀tì tèmi wà láàárín méjèèjì, ìyẹn gan-an ló kó bá mi.

Kànga ni mo ń ṣe. Orí àpáta líle àtayébáyé ni ìlú wa wà, omi kì í rí inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ wọ̀ bó ṣe fẹ́, inú erùpẹ̀ tó ti rà sórí ẹ̀ àti ibi tí àpáta bá ti sán ló ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan á fi gbẹ táútáú lẹ́ẹ̀rùn tí ti ilé kejì ṣì ń pọn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbé korobá lọ sílé ẹlòmíì rí. Omi tí kò jìn yẹn náà ni ìdọ̀tí ṣáláńgá àti ààtàn máa ń tètè bá. Mo wá fẹ́ ya màápù àdúgbò kan (mi ò ní dárúkọ ẹ̀): kànga wo ló wà níbo, omi ẹ̀ jìn tó báwo, ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù jìnnà sí i tó báwo. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1854 tí àrùn onígbáméjì ń pa wọ́n ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fà á, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow wá ń kanlẹ̀kùn àwọn èèyàn, ó ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ọ̀rọ̀ ń já sí ṣáá. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, Snow sì padà fi ikú àwọn èèyàn yẹn hàn lórí màápù, ilé tó yí ẹ̀rọ náà ká ló pọ̀ jù. Dókítà ni o, àmọ́ ní kíláàsì wa tiwa ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn omi kànga, torí ibẹ̀ ni ìjọ̀gbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Téèpù irin gígùn ni, wọ́n so òjé mọ́ orí ẹ̀ kó lè wálẹ̀. Ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì ra téèpù náà ní ìsàlẹ̀, ẹ ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí orí ẹ̀ á fi wọnú omi, ẹ ó ka nọ́ńbà tó ṣe déédéé ẹnu kànga, ẹ ó wá fà á jáde. Ibi tómi bá dé lára ṣọ́ọ̀kì á hàn. Ẹ yọ èyí tó tutù kúrò nínú nọ́ńbà ẹnu kànga, ẹ ti mọ bí omi ṣe jìn sí. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń dún tó bá kan omi, àmọ́ owó ẹ̀ kọjá agbára wa.

Mo ní lẹ́tà o. ID kádì wà lọ́rùn mi. Mo ti lọ rí alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò náà, ó buwọ́ lu ìwé mi, ó tún fún mi ní omi tútù mu. Mò ń sọ ọ́ torí àwọn kan ti ń sọ kiri pé ńṣe ni mo lọ já wọlé onílé. Alága ni wọ́n ní ká lọ rí, alága ni mo lọ rí.

Mo ti wọn kànga mélòó kan láìsí wàhálà kankan. Èyí tó kàn wà lẹ́yìn ilé kan tí wọn ò tíì rẹ́, páànù ni wọ́n fi dé e, òkúta sì wà lórí páànù. Mo gbé òkúta, mo ṣí páànù, mo ra ṣọ́ọ̀kì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ téèpù kalẹ̀. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú gan-an, ṣọ́ọ̀kì yẹn sì ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun funfun ń tàn bó ṣe ń lọ sínú kànga. Ọmọ kékeré kan dúró tó ń wò mí, mo rẹ́rìn-ín sí i, ó sáré wọlé. Mi ò tíì ka nọ́ńbà tán tí mo fi gbọ́ lẹ́yìn mi: "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ó ń da nǹkan sí kànga wa!"

Mi ò mọ ibi tí èrò yẹn ti jáde. Àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́, kí n tó yíjú wọ́n ti yí mi ká. Ìyá tó pariwo yẹn di ìró ẹ̀ ṣinṣin, ó ní "Kí lo dà sí i?" Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ṣọ́ọ̀kì ni, mà." Ó ní "Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀! Kànga ọ̀hún ni bọ́ọ̀dù?" Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, GPS ló wà lórí ẹ̀, màápù àdúgbò ló ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa níbi gbogbo tí mo ti wọn kànga, ló bá figbe ta: "Ẹ wá wò ó, ó ti sàmì sílé gbogbo wa!" Háà! Ó tán. Ẹni kan ní ajínigbé ni mí. Ẹni kan ní ìjọba ló rán mi, pé wọ́n fẹ́ ba kànga wa jẹ́ ká lè máa rómi rà. Obìnrin kan ti ń ka àwọn ọmọ ẹ̀. Mo na lẹ́tà, ẹni tó gbà á ká a sápò, kò tiẹ̀ là á. Mo ní ẹ wo kádì mi, wọ́n ní ajínigbé wo ni kò ní kádì. Wọ́n fa apá mi, ìborùn mi ṣí, fàáyìlì mi já, ìwé tí mo ti kọ láti àárọ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èmi sì ń wo ìwé ọ̀hún ju ara mi lọ, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Lẹ́yìn èrò yẹn mo gbọ́ tẹ́nì kan ní kí wọ́n lọ mú táyà wá.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe. Orúkọ ìyá mi ni mò ń pè. Mo ń sọ pé mo ti rí alága, kò sẹ́ni tó ń gbọ́, kálukú ló ń sọ tiẹ̀, ẹni tí kò rí nǹkan kan ló ń ṣàlàyé fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé wọ́n bá oògùn lọ́wọ́ ẹ̀, pé ó ti jẹ́wọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Pé mo ti jẹ́wọ́! Ìyá yẹn náà ló wá ní kí wọ́n dúró ná. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó kù nílẹ̀, ó nà án sí mi. "Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì lóòótọ́, jẹ ẹ́." Mo jẹ ẹ́. Mo run ún tán bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ẹnu mi gbẹ, kò lọ lọ́fun. Wọ́n fami kànga yẹn fún mi mo mu ún tẹ̀lé e, èmi tí mò ń kọ odindi próójẹ́ẹ̀tì pé omi ibẹ̀ lè máà dáa.

Alága dé lórí ọ̀kadà, ó pariwo mọ́ wọn, ìyá bi mí lágbo ilé wa, mo dárúkọ ẹ̀, ó di "yéè, ọmọ wa mà ni," wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n dá fóònù padà. Mo parí iṣẹ́ náà, mo gba A.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wá nìyí: ẹni tó ń pọnmi ló ni kànga. Alága ló lè buwọ́ lùwé, àmọ́ alága yẹn fúnra ẹ̀ kò fami rí láti ìgbà tó ti gbẹ́ borehole tiẹ̀. Níbi yòówù kẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe fíìdì, ẹ wá ẹni tó ń fọwọ́ kan nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wọn lójoojúmọ́, ẹ kí i, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ fi téèpù hàn án, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì. Ọjà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ rí ìyálọ́jà tán kẹ́ ẹ tún lọ rí àwọn aláàárù.

Ẹ̀kọ́ kejì, ó jọ ti àkọ́kọ́, ẹ fara dà á. Sátẹ́láìtì dáa o. Láti 1972 tí Amẹ́ríkà ti fi Landsat àkọ́kọ́ sókè ni wọ́n ti ń ya ilẹ̀ ayé láti òkè, Nàìjíríà náà fi NigeriaSat-1 sókè lọ́dún 2003. GPS inú fóònù dáa, àmọ́ ó fẹ́ gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán kó tó lè sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ó sì tún lè fi mítà mélòó kan ṣì í, tẹ́ ẹ bá gbára lé e nìkan ẹ lè bá ṣáláńgá àti kànga lójú kan náà lórí màápù. Ìyẹn lẹ ṣì fi nílò téèpù. Kò sì sí sátẹ́láìtì tó lè sọ ohun tí ìyá yẹn sọ fún mi nígbà tí mo padà lọ jókòó lẹ́yìnkùlé ẹ̀. Kànga tó dáa jù lórí màápù mi, tó jìnnà sí gbogbo ṣáláńgá, ó ní àwọn kì í mu ún. Mo ní kí ló dé? Ó ní kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀, ààtàn ni, pé òjò àkọ́rọ̀ ọdọọdún ló ń gbé òórùn ẹ̀ jáde. Ó tún mọ èyí tó ń kọ́kọ́ gbẹ bí ọyẹ́ bá ti dé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Gbogbo orí kẹrin próójẹ́ẹ̀tì mi, ẹnu ẹ̀ ló ti wá.

Mo sì tún gbé ọ̀rọ̀ Eratosthenes ka iwájú ẹ̀, torí mo rò pé á yà á lẹ́nu. Ó lé ní 2,200 ọdún tí ọkùnrin yẹn ti wà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ó gbọ́ pé lọ́sàn-án ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún, ní ìlú Syene tí wọ́n ń pè ní Aswan báyìí, oòrùn máa ń wọ inú kànga kan dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, nǹkan tó nàró ní Alẹkisáńdíríà ní òjìji, igun òjìji náà sì jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta òbírí. Ó fi àádọ́ta sọ ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì di púpọ̀, ó mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan ló sọ ti kànga yẹn fún un, ó dá mi lójú pé ẹni tó ń pọnmi ló kọ́kọ́ rí i. Tiwa náà ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró gangan lórí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kẹ́ ẹ yọjú wo kànga, ẹ má lọ ní aago méjìlá, ìlà 15° lápá ìlà oòrùn ni wọ́n fi ṣe aago Nàìjíríà, ìlà yẹn ò tiẹ̀ gba Nàìjíríà kọjá. Ìyá wò mí. Ó ní "Ṣé ìyẹn lẹ̀ ń lọ yunifásítì fún? Ṣebí a máa ń rí i."

Àwọn kan ti ní ká máa lo ṣọ́ọ̀kì búlúù dípò funfun. Búlúù kẹ̀! Gàmálíìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ni wọn ì bá pè é. Àwọn kan ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń dún tó bá kan omi yẹn, ẹ ronú ẹ̀ ná, kó máa han píí píí nínú kànga onílé.

Èyí tó ń dùn mí jù báyìí ni téèpù yẹn. Fóònù padà, fàáyìlì padà, àwọn ọmọkùnrin yẹn ò dá téèpù padà, alága ti bèèrè bèèrè, kálukú ní ọwọ́ òun kọ́ ló wà. Téèpù ilé ìwé sì ni. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa pé mi ò ní gba ìwé ẹ̀rí títí máa fi san owó ẹ̀, tí mo bá ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ṣebí mo ti rí alága.