Iṣẹ́ Méjì, Òdiwọ̀n Kan: Owó Ìfẹ̀yìntì Wa ní Amẹ́ríkà

Nínú àwa Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Texas níbí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi méjì pọ̀. Èèyàn á wà ní ọsibítù lọ́sàn-án, á tún gba ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà lọ lóru. Ibi méjèèjì ló máa ní kẹ́ ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́. Ọsibítù tí wọn ò dá sílẹ̀ fún èrè sábà máa ń ní ètò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní 403(b), ilé iṣẹ́ aládàáni ní èyí tí wọ́n ń pè ní 401(k). Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, torí pé orí èèyàn ni ìjọba gbé òdiwọ̀n iye téèyàn lè fi pamọ́ lọ́dún lé, wọn ò gbé e lé ibi iṣẹ́.

Lọ́dún 2025, $23,500 ni òṣìṣẹ́ lè yọ sílẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, ti gbé e sí $24,500 fún 2026. Bí ẹ bá fi $15,000 sí 403(b) lọ́dún náà, $9,500 ló kù fún 401(k). Nínú èsúsú, ẹni tápá rẹ̀ bá ká a lè dá ọwọ́ méjì. Níbí, ọwọ́ kan ni. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ṣe Roth, ìyẹn owó tí wọ́n ti yọ owó orí nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi í pamọ́, níbì kan, tẹ́ ẹ wá fi owó tí wọn ò tíì yọ owó orí nínú rẹ̀ síbì kejì, àpapọ̀ méjèèjì ni wọ́n máa kà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún yín. Àwọn tó ń san owó níbi àkọ́kọ́ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ níbi kejì. Ẹ wo àpótí 12 lórí W-2 yín, ìwé owó iṣẹ́ ọdọọdún tí agbanisíṣẹ́ ń fún yín: lẹ́tà D ni ti 401(k), E ni ti 403(b), AA àti BB sì ni ti Roth wọn. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bó bá ti kọjá òdiwọ̀n, ẹ ní kí ibì kan dá àlékún náà padà, tòun ti èrè orí rẹ̀, kí April 15 ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san owó orí lórí owó kan ṣoṣo: lọ́dún tẹ́ ẹ fi pamọ́, àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á jáde.

Owó tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún tiyín ò sí nínú $24,500 yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwọ̀n tó máa jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo àfikún náà sílẹ̀ níbi méjèèjì, kí wọ́n tó pín ìyókù.

Ọ̀pọ̀ wa ló sì ti lé lógójì ọdún ká tó wọ ìlú yìí. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí 2026 tó parí lè fi $8,000 kún òdiwọ̀n yẹn bí ètò ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà á. Fẹ́ni tó bá jẹ́ ọgọ́ta sí mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó lè tó $11,250 dípò $8,000 yẹn.

Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti county lẹ wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bóyá wọ́n ní ètò ìfẹ̀yìntì mìíràn tó ń jẹ́ 457(b). Òdiwọ̀n tirẹ̀ dá dúró. Wọn kì í rò ó mọ́ ti 403(b) tàbí 401(k).