Póò pupa méjì, oorun kò sí

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo fi ń tẹ èyí lórí fóònù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ. N ò lè dìde. Tí mo bá dìde, pákó kan wà nílẹ̀ yìí tó máa ń han, Kẹ́hìndé á gbọ́, tí Kẹ́hìndé bá sì ti gbọ́, Táíwò náà á jí láti wá wo nǹkan tí ìkejì òun ń wò. Ọdún méjì àti oṣù márùn-ún ni wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti bí wọn, n ò tíì sun oorun wákàtí mẹ́fà tó lọ geere rí, ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn o, mo bi ọkọ mi, òun náà ní òun ò rántí ìgbà kankan.

Woolwich la wà, ní London, àjà kẹta, ilé ò ní lífítì. Yorùbá pọ̀ ládùúgbò yìí débi pé tí mo bá ti búgì oníbejì jáde, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà olóyin, ìyá bíi mẹ́ta á ti dá mi dúró, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o", wọ́n á ki àwọn ọmọ, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, wọ́n á fún wọn ní páùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bá tiwọn lọ. Oríkì dùn létí jàre, àmọ́ oríkì kì í báni gbé ọmọ méjì àti búgì gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí ìbejì tiẹ̀ n'Íbàdàn, ìyá mi wà nílé, ìyá ọkọ ẹ̀ wà nílé, àwọn ọmọ ilé kejì ń du ọmọ gbé, kódà ó ń ráyè di irun. Níbí, èmi àti bàbá wọn náà ni. Bàbá wọn sì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, á pààrọ̀ ìlédìí àgbàlagbà mọ́jú, á dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wá pààrọ̀ ti ọmọdé.

Nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó wá ni ọ̀rọ̀ oòrùn ìlú yìí. Ní oṣù kẹfà tá a wà yìí, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kó sì tó di aago márùn-ún ìdájí ó ti tún yọ. Ẹ wá lọ sọ fún ọmọ ọdún méjì pé kó lọ sùn ní aago méje. Táíwò á nawọ́ sí fèrèsé, "Mọ́mì, oòrùn ò tíì sùn." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ra kọ́tìnì dúdú, mo tún fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di ẹran lẹ ara gíláàsì, yàrá wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń fọ fótò láyé àtijọ́, wọ́n ò kúkú sùn. Tó bá sì di Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n á yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, gbogbo ayé á máa yọ̀ pé àwọn rí oorun lé, ọmọ wo ló mọ aago? Èyí tó ń jí ní márùn-ún tẹ́lẹ̀ á wá máa jí ní mẹ́rin.

Ìyá mi ní ìbejì tó bá ń yọni lẹ́nu lóru, ẹ̀wà ló ń bèèrè. Ó dáa, mo se ẹ̀wà, ìkòkò ńlá, mo bù fún àwọn ọmọ tó wà ní àjà wa, àwọn ìbejì náà jẹ, wọ́n tún bèèrè sí i. Lóru ọjọ́ yẹn afẹ́fẹ́ inú ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, títí kan ìyá òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ó fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ póò. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé ní kí n má kánjú, kí n máa wò ó bóyá wọ́n ti ń mọ̀ tí ìdí wọn bá tutù, bóyá ìlédìí wọn ń gbẹ fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó tún tọ̀. Ìyá mi pariwo lórí WhatsApp, "Ọdún méjì kọjá, ìlédìí ṣì wà nídìí wọn? Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ìwọ kalẹ̀!" Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ọmọ jókòó sórí ẹsẹ̀, wọ́n á máa ṣe "ṣṣṣṣ" títí ìtọ̀ fi máa dé. Mo ní kí n gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Tí mo bá máa sọ òtítọ́, ó rẹ̀ mí ni.

Ìgbà tí ìsinmi Monday àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún dé la bẹ̀rẹ̀, torí bàbá wọn wà nílé. Mo ra póò méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ pupa. Wọ́n ja ìjà yẹn títí tí ẹnì kan fi tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá mi rẹ́rìn-ín débi tó ń wúkọ́, ó ní, "Ìbejì tí kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀, ṣé póò lo wá fẹ́ fi yà wọ́n?" Bàbá wọn padà sọ́jà lọ ra pupa kejì. Kílíìpù aṣọ ló wà nínú búlúù báyìí.

Ọjọ́ kìíní, pátá mọ́kànlá. Ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé ṣe tiẹ̀ sínú póò lóòótọ́, inú ẹ̀ dùn, ó gbé e dání wá hàn mí ní kíṣìnì. Ó gbé e wá kíákíá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo pe ìyá mi, mo gbé fóònù ti ẹsẹ̀ àga, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é." Ìyá mi gbé ẹnu sún mọ́ kámẹ́rà, a ò rí nǹkan míì mọ́ àfi ètè àti eyín wúrà, "ṣṣṣṣ." Àwọn ọmọ jókòó sórí póò pupa méjèèjì, wọ́n ń wo ẹnu yẹn kẹ̀ẹ̀. Kẹ́hìndé tọ̀. Táíwò bá dìde, ó yọjú wo póò ìkejì rẹ̀, ó tì í kúrò, ó jókòó, ó tọ̀ lé e. Kẹ́hìndé figbe ta pé ìtọ̀ òun ni wọ́n bà jẹ́. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n! Àmọ́ ti òyìnbó yàtọ̀ o, ìbejì nìkan ni wọ́n ń kọ aago tí wọ́n bí wọn sínú ìwé ìbí níbí, ìṣẹ́jú méjìlá ni Táíwò fi ṣáájú, torí náà owó ọmọ tí ìjọba ń san lọ́sẹ̀, ti àkọ́bí, èyí tó pọ̀ jù, orúkọ Táíwò ló wà, èyí tó kéré ni ti Kẹ́hìndé. N ò tíì lè ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá mi.

Nọ́sìrì ò rọrùn. Táíwò ń sọ fún tísà pé "Tọ̀! Tọ̀!", tísà ń gbé tọ́ì fún un. Ó gbé mọ́tò, ó gbé erin, ìgbà tó fi máa gbé bọ́ọ̀lù, ó ti bọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn, mo sì dúró síbẹ̀ mo kọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń ṣe "ṣṣṣṣ", ojú ò tì mí.

Ọ̀sán ti ń dáa báyìí. Ìlédìí la ṣì fi ń sùn, torí àtọ̀ọ́lé. Wàhálà tó kù ni pé wọ́n ti mọ̀ pé kò sí nǹkan míì téèyàn lè sọ lóru tí Mọ́mì á fi gbé wọn dìde kíákíá bíi "mo fẹ́ tọ̀". Aago mẹ́ta òru òní, Táíwò sọ ọ́. Mo gbé e sórí póò. Ogún ìṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan. Ó ní Màmá Ìbàdàn ló máa ṣe é. Aago wa àti ti Nàìjíríà dọ́gba lásìkò yìí, mo sì mọ̀ pé ìyá mi ti jí sí àdúrà, mo bá pè é. Ó dá àdúrà dúró, ó ṣe "ṣṣṣṣ" fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ tọ̀, ó sùn, ìyá mi ní ó dàárọ̀, ó padà sídìí àdúrà.

Èmi wá jókòó síbí. Ṣṣṣṣ yẹn ti mú èmi alára, iwájú tọ́ìlẹ́ẹ̀tì gan-an sì ni pákó tó ń han yẹn wà.